Ilẹ̀kùn Yàrá Yìnyín

Fọlárìn máa ń mọ̀ pé ìyá òun ti jí láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn ní Okokomaiko, yóò máa wo ìlà kan tí ó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ẹja kan ní Ajangbadi. Ìlà náà yóò wà ní pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà yóò fò sókè. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín. Ó ti so ó mọ́ fóònù rẹ̀ pẹ̀lú: bí ilẹ̀kùn náà bá ti ṣí, fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí a fi èékánná ta abọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ wọn gbé àpótí kékeré, kọ̀ǹpútà tí kò ju Bíbélì àpò lọ, sínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tọ́jú oúnjẹ sínú yìnyín láti Ìbà dé Ọ̀jọ́. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń ka bí yàrá ti tutù tó, bí ara òun fúnra rẹ̀ ti gbóná tó, iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àti iye ọjà tí ẹ̀rọ ìtajà rí. A sì máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, àpótí kì í gbàgbé. Yóò kó ohun tó kà pamọ́. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé, èyí tó kọ́kọ́ kà ni yóò kọ́kọ́ rán, díẹ̀díẹ̀, ohun tó fi ọjọ́ kan kà, ọjọ́ kan ni yóò fi rán an, kí ó má baà jẹ dátà tán. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ a sì máa da aago wọn rú. Òmíràn á jí, á ní ọdún tí wọ́n rọ òun la ṣì wà. Nítorí náà ni Fọlárìn fi pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì má gba aago àpótí kankan gbọ́ mọ́: àkókò tí ìròyìn bá wọlé ni kí ó kọ sí i lára. Gbogbo wọn gbà pé ọgbọ́n ni.

Abọ́lá, tó gbé àpótí lọ sí Ajangbadi, kò mọ̀ pé ìyá ọ̀gá òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá náà kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ló ń wo ilẹ̀kùn òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yìí lẹ máa fẹ́ o," Abọ́lá wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ tọrọ rẹ̀."

"Ó kéré tán, kò ní béèrè owó ọbẹ̀," Fọlárìn dáhùn. Kò gbé ojú kúrò lára ìlà.

Ọ̀rọ̀ sùtánà, aṣọ funfun ìjọ wọn, ló ya ìyá àti ọmọ. Lọ́jọ́ tí Fọlárìn bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó ní òun kò lè máa wọ aṣọ ohun tí òun kò gbà gbọ́ mọ́, ìyá rẹ̀ ká aṣọ náà mẹ́rin, ó sì sọ gbólóhùn kan: "Ilẹ̀kùn tí o gbà jáde nílé Olúwa ni kí o gbà padà wá sílé mi." Òun nìkan ni ó bí. Fọlárìn kó lọ sí Igbó-Elérin, ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọdún sì ń gorí ọdún. Ẹja tó ń jẹ, ọwọ́ àjèjì ló ti ń rà á. Lọ́jọ́ Àìkú nìkan ni kì í wo ìlà Ajangbadi, nítorí pé ìyá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà náà kì í sì í gbéra.

Ní àkókò òjò, òpó nẹ́tíwọ̀kì kan wó lápá ibẹ̀. Ìlà náà dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni Fọlárìn wọ bàtà láti lọ, lẹ́ẹ̀mejì ló bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àpótí jí. Ilẹ̀kùn ṣí, ọjà tà, yàrá tutù bó ṣe yẹ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Fóònù dún lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìlà náà sinmi láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Fọlárìn gbé e yẹ̀ wò bí ẹni ń tú àlọ́: kí ló lè mú kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ máa ta ẹja nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù? Ìdáhùn kan ló bá gbogbo rẹ̀ mu. Ìyá òun ti fi ìjọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí òun gbà padà kò sí mọ́.

"Bá mi mójú tó ẹ̀rọ," ó wí fún Abọ́lá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. "Mo fẹ́ lọ kí ìyá mi."

"Ẹ ní ìyá?" Abọ́lá béèrè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ra búrẹ́dì gbígbóná lọ́nà. Fóònù ti dún lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dé Ajangbadi, ó sì yára ẹsẹ̀. Agadagodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ń gbọ́ yàrá yìnyín tó ń kùn nínú ilé lórí iná sólà. Ìyá Jésùdámiláre, onídìrí ìsọ̀ kejì, ń ti ìsìn àárọ̀ bọ̀ nínú sùtánà, láìwọ bàtà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni?"

Obìnrin náà wò ó títí. "Fọlárìn. Ìwọ nìyí."

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń tajà lọ́jọ́ Àìkú báyìí."

"Ta ni? Màmá rẹ? Wọn ò dán an wò rí láyé wọn." Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí a ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣubú. "A wá ọ, a wá ọ tì. Nọ́ńbà rẹ tí wọ́n kọ sára ògiri kò lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún la sin wọ́n. Sùtánà rẹ ni wọ́n ní ká fi ṣe ìrọ̀rí àwọn."

Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan nínú àpò Fọlárìn, bí ìgbà tí a fi èékánná ta abọ́: lẹ́yìn agadagodo tó ti ń dógùn-ún, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù tó kọjá.