Ẹ Bá Mi Dá Àwọ̀ Rẹ̀ Padà

"Ẹ bá mi dá àwọ̀ rẹ̀ padà," ni bàbá arúgbó kan wí, ó sì fi ìka kan eyín iwájú rẹ̀.

Dókítà eléyín rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi ẹ̀rọ fọ ohun tí wọ́n fi dí eyín náà, èyí tí obì àti kọfí ti sọ di pupa bí irin tó dípẹtà.

"Bàbá, gbogbo Àgídìngbì ló ń bẹ̀ mí kí eyín àwọn funfun. Ẹ̀yin wá fẹ́ kó pọ́n?"

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ obì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Mo ń fi omi sóbò pupa fọ ẹnu. Àwọ̀ kò mú un."

"Ó lè gba ọdún kan kó tó mú un. Kí ló tiẹ̀ dé?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi ti gbàgbé gbogbo wa. Eyín yẹn nìkan ló fi ń dá mi mọ̀. Láràárọ̀ ló máa ń ní kí n rẹ́rìn-ín kí òun rí i. Ìgbà tí mo tibí dé, ó ní kí n jáde nílé ọkọ òun. Irọ́ ni mo pa lónìí pé ọkọ rẹ̀ wà níbí, kó tó tẹ̀lé mi."

Dókítà dìde. Ó sin bàbá jáde.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, ìyá arúgbó kan gbójú sókè wo bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ rí ọkọ mi nínú lọ́hùn-ún?"

"Mo rí wọn, mà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Bàbá jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo ilẹ̀kùn.