Sùúrù Ọdẹ ní Ṣọ́ọ̀bù Géèmù

Ní ọdún 1998, kò sí ìtàn tí Boniface, ọdẹ ìlú Ute, fẹ́ràn tó ti ẹfọ̀n tó dá nìkan pa. Ignatius, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ọ̀wọ̀, ní irọ́ funfun báláú ni. Ni wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn. Bí Boniface bá lè pa ọ̀gá ọ̀tá inú géèmù ní ṣọ́ọ̀bù Hàmídù, Ignatius yóò jẹ́rìí ẹfọ̀n náà níwájú gbogbo ẹbí. Bí kò bá lè pa á, Boniface kò gbọdọ̀ sọ ìtàn ẹfọ̀n mọ́ láyé. Ìyẹn sì le ju ikú lọ lójú rẹ̀.

Hàmídù tan tẹlifíṣọ̀n. Ṣójà kan ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀. Boniface tẹ páàdì títí, ṣójà kò dá a lóhùn.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá," ni Hàmídù wí. "Sinimá ni eléyìí. Tó bá tán, ẹ ó máa rìn bó ṣe wù yín."

"Ta ló ń fa ọdẹ lókùn bí ewúrẹ́?"

Sinimá tán. Àmì pupa kan ń tọ́ka sí ọ̀nà afárá. Boniface kọ̀ jálẹ̀.

"Ọ̀nà tí wọ́n bá là fún ẹran, ibẹ̀ ni pàkúté wà."

Ó gba inú koríko, ó lúgọ sẹ́yìn àgbá. Kò pẹ́, ọ̀gá ọ̀tá yọ imú lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n pe ìrun ásárì. Hàmídù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan páàdì, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀.

"Bàbá, kò sí ohun tó lè ṣe yín báyìí."

"Àmín," ni Boniface wí.

Inú tẹlifíṣọ̀n dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ yìnbọn, Bàbá Theresa!" ni Ignatius pariwo mọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Imú kọ́ là ń yìnbọn sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó mọ̀ pé mo wà níbí."

Eṣinṣin kan bà lé imú ọ̀gá ọ̀tá. Ọ̀gá ọ̀tá kò mira.

"Ọkùnrin ni," ni Boniface sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀tá náà ti ń wù ú bí ọ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ ọdẹ kú, ọrùn rẹ̀ gan, kò yí padà. Ignatius tó ń wòran ló ń làágùn. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mo túúbá. Ẹni tó lè lúgọ báyìí lè pa ẹfọ̀n. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, màá sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí."

Inú Boniface dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára imú náà.

Hàmídù ti mọ́sálásí dé, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró dè mí, Bàbá," ó sì tún tẹ bọ́tìnì tó fi dá eré náà dúró kó tó lọ kírun.