Ibi Tí Olórí Olè Ń Fi Kọ́kọ́rọ́ Sí

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bó bá ti di aago mẹ́wàá, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alágádágodo á mú ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Àgádágodo ló ń tà, òun náà ló sì ń tún un ṣe. Kì í ju ìyàwó síbẹ̀ kó bá tirẹ̀ lọ bí àwọn ọkọ mìíràn. Á fa àga sẹ́nu ọ̀nà, á kó fóònù tirẹ̀ àti ti ìyàwó lé itan, á sì jókòó títí wọ́n á fi dirun náà tán. Ó ní ayé ti bàjẹ́, ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn ni èèyàn ń ṣọ́. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wọn, torí ó ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ló ń kọ́ obìnrin. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára géètì. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ìta ló ń tì í. Bó bá wà nílé, inú ló ń tì í.

Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún kẹrin tí wọ́n ti fẹ́ra nìyí, kò dá rìn dé ìkòríta rí.

Nígbà kan ọwọ́ rẹ̀ rọ́. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ ni, ohun tí Alágádágodo sọ fún nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá dirun ní Sátidé, ọ̀rọ̀ eré *Ọ̀ràn Ilé Kejì* sì gba ẹnu òun àti onídìrí kan.

"Ṣé ẹ kì í wò ó ni?" nọ́ọ̀sì bi ìyàwó.

"A ò ní tẹlifíṣọ̀n," ọkọ dáhùn.

"Ó mà ṣe o! Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, kẹ́ ẹ má baà tòògbé."

Nínú eré náà, àwọn olè kan ló gbé akọ̀wé báńkì kan, ọmọbìnrin ni, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọlọ́pàá inú ń wá a kiri, kò rí i.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti sá lọ tipẹ́," nọ́ọ̀sì ní.

"Sá lọ báwo? Ṣé atẹ́gùn ni ẹ́?" onídìrí dáhùn. "Ta ló mọ ibi tí olórí olè yẹn ń fi kọ́kọ́rọ́ sí? Èmi rò pé abẹ́ ìrọ̀rí ni."

Alágádágodo gbìyànjú láti panu mọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí.

"Abẹ́ ìrọ̀rí kẹ̀! Ibi tí obìnrin ń tẹ́ lójoojúmọ́? Olè tó bá gbọ́n, inú àpótí irinṣẹ́ ló máa fi sí, lábẹ́ àwọn ìṣó tó ti dípẹtà. Ta ló fẹ́ ti ọwọ́ bọ ìṣó?"

Onídìrí pàtẹ́wọ́. "Háà! Orí yín mà pé o, ọ̀gá. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ máa kọ eré yìí."

Inú Alágádágodo dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín gbẹ̀yìn. Ìyàwó tẹ orí ba fún òòyà.

Láti ọjọ́ náà, Alágádágodo gan-an ló ń retí Sátidé.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe eré yìí?" ó bi wọ́n lọ́sẹ̀ kejì.

"Ọjọ́rú," ni onídìrí wí. "Ọjọ́bọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí ní wọ́n máa ń tún un ṣe ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn dá lórí ìgbà tí olórí olè ń sùn. Nọ́ọ̀sì ní òru ni.

"Irọ́ ni," Alágádágodo ní. "Ẹni tó ní nǹkan tó ń ṣọ́ kì í sùn lóru, gbogbo ìró ẹsẹ̀ ló ń jí i. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni! Bó bá ti jẹun yó tó nà gbalaja, ẹ lè gbé ilé lọ lórí rẹ̀, kò ní mọ̀."

"Fún bí wákàtí mélòó?"

"Méjì gbáko."

Lọ́sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin inú eré ti ṣí géètì. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìyá rẹ̀ ló yẹ kó sá lọ.

"Ibẹ̀ kọ́! Ibẹ̀ ni èèyàn máa kọ́kọ́ wá a dé," Alágádágodo ní.

"Ẹ ò rí i? Bí wọ́n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn," onídìrí ní. "Mọ́tò funfun kan ló ń dúró dè é lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì, laago mẹ́ta."

"Ibo ló gbé e lọ?" Ó ti sún dé etí àga.

"Ibi tí wọ́n dá a dúró sí nìyẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìgbà náà ni ìyàwó gbójú sókè sínú dígí.

"Ṣé ó máa dé ibẹ̀ láyọ̀?"

"Á dé ibẹ̀," nọ́ọ̀sì ní. "Kó ṣáà má bojú wẹ̀yìn."

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, Alágádágodo jẹun yó, ó sùn. Nígbà tó jí, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílẹ̀, ìṣó fọ́n ká gbogbo pálọ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ títí, ohùn rẹ̀ há. Ó sáré lọ sílé ìyá ìyàwó, kò sí níbẹ̀. Ó rántí mọ́tò funfun, ó sáré dé ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì àdúgbò, ipasẹ̀ táyà nìkan ló bá. Ojú rẹ̀ wá là. Obìnrin yìí, eré yẹn ló fi kọ́gbọ́n! Ibi tí ọmọbìnrin inú eré bá lọ, ibẹ̀ náà ni ìyàwó òun wà.

Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni tó ń ta fíìmù, òógùn bò ó.

"*Ọ̀ràn Ilé Kejì*! Gbogbo rẹ̀ ni kó o kó fún mi. Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ mọ ibi tí ọmọbìnrin yẹn sá lọ!"

Ọ̀gbẹ́ni náà wo orí pẹpẹ, ó wo inú ìwé, ó pe àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ta fíìmù lórí fóònù, ó sì wá rọra sọ fún un pé kò sí ẹni tó ṣe eré tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.