Iná Tó Ń Ṣẹ́jú Lẹ́yìn Ọkọ̀

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìyàwó máa ń fi ọkọ̀ gbé bàbá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó ń rán bàbá létí. Kí ìyàwó tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, bàbá á ti wọ bàtà, á ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀, á sì máa pòṣé pé obìnrin kì í tètè múra.

Ọ̀gá Títì làwọn awakọ̀ ń pè é. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, títí di ọdún tó kọjá tí wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí, á ní ìlara ló ń ṣe wọ́n, pé àwọn tó gbà á ò lè ti kẹ̀kẹ́ kọjá láàárín agbo ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ yìí, ó yí ọkọ̀ náà po kó tó wọnú rẹ̀. Ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ dán ju ti iwájú lọ díẹ̀.

"Panẹ́bítà yìí ò mọṣẹ́," bàbá ní. "Afọ́jú ló po ọ̀dà yìí." Ó tẹjú mọ́ iná pupa gbọọrọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. "Kí tún nìyí?"

"Iná ìkìlọ̀ ni, Bàbá. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, á máa ṣẹ́jú kíákíá, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tètè mọ̀ pé mo fẹ́ dúró."

"Á máa ṣẹ́jú!" Bàbá yínmú. "Ta lò ń ṣẹ́jú sí? Àbí o ti ń wá ọkọ mìíràn ni?"

Ìyàwó ṣílẹ̀kùn fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí títì ńlá, bàbá tún gbé e dé. "Ọkọ rẹ wa ọkọ̀ yìí pẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ. Ǹjẹ́ ó fi iná yẹ̀yẹ́ kankan sí i?"

"Rárá, Bàbá. Kò fi sí i."

"Ṣé o rí i? Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó kọ lù mí lẹ́yìn rí. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó sá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gílóòbù lẹ fẹ́ kó máa bá yín ronú."

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Bàbá."

"Alákàn ò wakọ̀."

Ìyàwó wo dígí. Bàbá kọjú sí àwọn awakọ̀ yòókù lójú títì, ó ń bú wọn. Ó ní ọ̀kan di ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Òmíràn, ó ní ìyá rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n mú, torí ó jẹ́ kó jáde nílé.

Ọkọ̀ kan tó kó pákó ló wà níwájú wọn. Okùn rẹ̀ já lójijì, pákó ńlá kan sì bọ́ sílẹ̀ gbalaja. Ìyàwó fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Táyà han. Lẹ́yìn wọn, tírélà kan han jù bẹ́ẹ̀ lọ, imú rẹ̀ sì ń tóbi sí i nínú dígí. Bàbá fọwọ́ méjèèjì borí, ó ké orúkọ kan. Kì í ṣe orúkọ Ọlọ́run. Ó ṣì ń ké e nígbà tí tírélà náà ti dúró, tó kù díẹ̀ kó fẹnu kan ọkọ̀ wọn.

Awakọ̀ tírélà sọ̀ kalẹ̀, ó sáré wá bá wọn.

"Àǹtí, ẹ kú orí ire. Mo ti yíjú sí rédíò. Iná yín tó ń ṣẹ́jú yẹn ló gbé ojú mi padà."

Bàbá ti tún fìlà rẹ̀ dé. Ó yọrí lójú fèrèsé. "Ìwọ tó jẹ́ iná ló ń sọ fún ọ pé ọkọ̀ wà níwájú, lọ máa ta abẹ́rẹ́!"

"Ẹ má bínú, Bàbá." Ọkùnrin náà bá wọn wọ́ pákó kúrò lọ́nà, ó sì padà sínú tírélà rẹ̀.

Ìyàwó yí kọ́kọ́rọ́. "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ó ní, láìwo ojú rẹ̀. "Ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kò yẹ kó wakọ̀."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kan pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ àti ṣíbí lé ìyàwó lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ kí bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ní wọlé lónìí náà?"

"Ó rẹ̀ mí." Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá a. "Káfíńtà burúkú ló kan èyí."

Ìyàwó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé.

Ó bu oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ sẹ́nu ọkọ rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mira mọ́ láti ọjọ́ tó tẹ bíréèkì fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá, tí bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dúró.