Katakata Tó Bá Ìyá Alápò Lára Mu

Láàárọ̀, Ọ̀gá pe Ahọ́n-Oyin sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ahọ́n-Oyin ló ń bá a ta katakata nínú àgbàlá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó dùn ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí ọdún ti yí, ẹnu dídùn ọ̀hún ò tíì ta ẹyọ kan.

"Ìyá kan ń bọ̀ wá gun katakata pupa yẹn wò," ni Ọ̀gá wí. "Ohun tó bá ní kò bá òun lára mu, tún un ṣe fún un. Tí ìyá yẹn bá lọ, tí katakata yẹn ṣì wà níbí, kó ẹrù ẹ kó o máa tẹ̀ lé e."

Ọ̀gá kì í fi oníbàárà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà ó ní òun ń lọ gẹ irun. Orí Ọ̀gá pá.

Kò pẹ́ tí Ìyá Alápò fi dé. Opó ni, ó kúrú, ó sanra, àpò òfìfo tí àwọn àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí ló ń tà. Kò béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan kan. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ní kí wọ́n ti òun sókè.

"Màmá wa! Màmá dáadáa! Ta ló máa wà á fún yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Àwọn tí mò ń háyà wá túlẹ̀ lóko mi, ọ̀kan ta epo dísù mi, èkejì lọ sùn sábẹ́ igi. Mo ti lọ kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ níbí o."

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lókè kílọ́ọ̀ṣì bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àga àgbà. Ahọ́n-Oyin mú sípánà, ó sún ìjókòó síwájú. Ẹsẹ̀ kan kílọ́ọ̀ṣì, ikùn wá kan sítíárìn.

"Ṣé ikùn ni kí n máa fi darí ẹ̀ ni?"

Ó sún ìjókòó padà, ó sáré lọ pe jórinjórin tó wà ní òdìkejì títì. Jórinjórin jó irin pẹlẹbẹ lé orí kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì, wọ́n ga tó ẹsẹ̀ ìyá.

"Ó ti bọ́ sí i, Màmá. Ẹ jẹ́ ká sanwó ná, èyí tó bá kù, a máa wá bá yín ṣe é nílé."

"Oníṣòwò lèmi náà," ni Ìyá Alápò wí. "Mo mọ bí mo ṣe ń dá ẹni tó ti sanwó àpò lóhùn. Irin wo ló dúró sáàárín itan mi yìí?"

"Jíà ni, Màmá."

"Ọkọ mi ti kú, mi ò wá òmíràn. Tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Jórinjórin rẹ́rìn-ín títí tí awò fi já bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ jíà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀pá wo ló ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè?"

"Eléyìí, lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń mú ẹ́ńjìnnì sáré."

"Méjèèjì dúdú, méjèèjì ṣe rógódó lórí. Ẹ̀yìn ni mò ń wò tí mo bá ń túlẹ̀. Tí mo bá fẹ́ gbé irin, tí mo wá fa ti eré, tí mo kó sódò, ṣé ìwọ lo máa wá yọ mí?"

"Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Wá nǹkan ṣe sí i nígbà náà."

Ahọ́n-Oyin wé okùn mọ́ orí ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ ní dídán. Ìyá Alápò di ojú, ó na ọwọ́. "Okùn, irin. Dídán, eré." Kò yìn ín. Ó ní ọ̀pá olókùn jìnnà, ìbàdí òun kì í ṣe ti ọmọge mọ́ tí òun á fi máa yí i kiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wá síwájú. Ó ní àtẹ̀gùn ga. Wọ́n jó ọ̀kan sí i nísàlẹ̀. Ó ní ìjókòó le. Ahọ́n-Oyin yọ tìmùtìmù orí àga tirẹ̀, ó tẹ́ ẹ fún un.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan wọlé, ó fọwọ́ gbá táyà katakata pupa. "Eélòó lẹ̀ ń ta eléyìí?"

"Gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀," ni Ìyá Alápò wí látòkè.

"Màmá, mò ń wò ó ni."

"Wo òmíràn."

Ọkùnrin náà bínú jáde. Inú Ahọ́n-Oyin bàjẹ́. Ẹni tó béèrè iye ti lọ, ẹni tí kò béèrè ló jókòó pa. Ó fi owó ara rẹ̀ ra omi tútù fún Ìyá Alápò. Ó mu ún tán, ó ní kó ra òmíràn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó tún di ojú, ó fọwọ́ kan gbogbo ọ̀pá, ó tẹ gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan mú.

"Màmá, ó ku kí ni?"

"Kò ku nǹkan kan."

"Ṣé ká wá sọ̀rọ̀ owó báyìí?"

"Gbé bàtà mi fún mi. Jẹ́ kí n wà á dé géètì."

Ó wà á dé géètì. Kò dúró. Ó fọn fèrè, ó yà sójú títì.

"Màmá! Ẹ dúró! Yéè, mo gbé! Ẹ gbà mí o, ó ti jí katakata lọ!" Ahọ́n-Oyin sáré tẹ̀ lé e, jórinjórin sáré tẹ̀ lé òun náà, nítorí kò tíì rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Katakata kì í sáré púpọ̀. Wọ́n lé e bá ní oríta, Ahọ́n-Oyin sì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mọ́tò Ọ̀gá ló ń bọ̀ níwájú yẹn.

"Ọ̀gá, ẹ fi mọ́tò dí i! Ẹ pe ọlọ́pàá! Kò tíì san kọ́bọ̀!"

Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé. Ìyá Alápò tẹ bíréèkì, ó ń wo ibòmíràn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀gá wí, "àná tẹ́ ẹ sanwó katakata yín tán, tẹ́ ẹ ní kí n má tíì jẹ́ kó mọ̀, mo rò pé ẹ máa sọ fún un kẹ́ ẹ tó jáde ní géètì ni."