Oúnjẹ Bàbá Sattam

Dahham kò sun inú aṣálẹ̀ rí, àmọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti gbọ́ pé inú aṣálẹ̀ ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí. Bó ṣe rí fún púpọ̀ nínú wa nìyẹn. A máa ń ra ọkọ̀ ńlá tó lè gun òkè iyanrìn, a ó wá máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé ní Riyadh.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Ghazi àti Mulfi, wakọ̀ lọ sí aṣálẹ̀ Nafud, lẹ́yìn Ha'il, láti lọ wo eré ìje ọkọ̀. Eré kọ́ ló gbé Dahham lọ. Wadha ló fẹ́ fẹ́, ọmọ Bàbá Sattam, tó jẹ́ àbúrò bàbá Ghazi. Dahham kò tíì fojú kan ọkùnrin náà rí. Ghazi ló bá a ṣètò pé kí bàbá náà wá jẹun nínú àgọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

"Tí kò bá gba tìẹ lónìí, ó ti parí nìyẹn," ni Ghazi wí nínú ọkọ̀. "Kò fẹ́ràn ọkùnrin tí kò mọ àlejò tọ́jú. O ṣáà mọ bó ṣe máa ń ṣe tí eré yìí bá dé."

"Ta ni kò mọ̀?" ni Dahham dáhùn. Kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, ó pàgọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń da iyanrìn sínú ìkòkò. Mulfi wò ó títí.

"Ṣé ibi tí bàbá bàbá rẹ máa ń pàgọ́ sí nìyí?"

"Irú ibí yìí gan-an ni."

"Abájọ tí wọ́n fi kó lọ sílùú."

Wọ́n bá a tún un pa síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, Ghazi àti Mulfi gun òkè iyanrìn lọ wòran, Dahham sì dúró ti ìkòkò. Odindi ọ̀dọ́ àgùntàn ló fẹ́ gbé ka orí ìrẹsì fún Bàbá Sattam.

Oòrùn ti mú nígbà tí ọkùnrin àgbà kan fẹsẹ̀ rìn dé. Iyanrìn bò ó lójú àti nírùngbọ̀n. Aṣọ iṣẹ́ tí epo ti ta sí ló wọ̀. Dahham gbà pé mẹkáníìkì ni.

"Sàláàmù aléékún. Ọmọ mi, mo kàn fẹ́..."

"Ẹ jókòó ná, bàbá."

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í bi àlejò ní orúkọ tàbí ohun tó bá wá kó tó fẹnu kan nǹkan. Nínú gbogbo àṣà aṣálẹ̀, èyí nìkan ló dá Dahham lójú, kò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó bu kọfí fún un. Ọkùnrin náà mu ún lórí ìdúró, ó mi ife náà láti fi hàn pé ó tó. Dahham ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó tún bu òmíràn.

"Mo ń kánjú," ni ọkùnrin náà wí, ó sì yí padà.

Dahham sáré dí i lọ́nà. Tí Bàbá Sattam bá gbọ́ pé àlejò fi ebi kúrò nínú àgọ́ òun ńkọ́? Ló bá ṣe ìbúra tí àwọn àgbà wa fi ń dá àlejò dúró, èyí tó jẹ́ pé tí àlejò bá dìde, òun ló tú ilé onílé ká.

"Tí ẹ bá lọ láìjẹun, mo ti kọ ìyàwó mi sílẹ̀."

Ọkùnrin náà yọjú wo inú àgọ́. "O níyàwó?"

"Mi ò tíì ní. Èyí tí mo fẹ́ fẹ́ ni mò ń sọ."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Bàbá Sattam."

Ọkùnrin náà wo òkè iyanrìn, ó wo Dahham, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀. Inú Dahham dùn pé orúkọ èèyàn ńlá nìkan ti tó láti mú mẹkáníìkì jókòó.

Ẹran kò tíì jinná. Dahham kò sọ ìyẹn. Tí ọkọ̀ kan bá bú ramúramù kọjá lẹ́yìn òkè, ọkùnrin náà á dijú. Dahham rò pé oorun ló ń kùn ún, ó bá a wá ìrọ̀rí.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń ta ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣùgbọ́n ọmọ aṣálẹ̀ ni mí."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

Oúnjẹ délẹ̀. Orí àti ibi tó lọ́ràá jù yẹ kó dúró de Bàbá Sattam, àmọ́ àlejò ti wà níwájú rẹ̀. Ó dùn ún wọra, ó sì kó gbogbo rẹ̀ síwájú ọkùnrin náà.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Ìgbà tó fọwọ́ tán ni Dahham wá béèrè. "Ó yá, bàbá, kí lẹ bá wá?"

"Póńpù. Táyà mi jò lẹ́yìn òkè yẹn."

Dahham gbé e fún un. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ bí ọmọdé.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà dé, ojú wọn le.

"Má bi mí nípa eré," ni Ghazi wí.

Mulfi ṣí ìkòkò. "Ẹran dà?"

"Àlejò dé."

"Àlejò mélòó?"

"Ẹnì kan."

"Àbí kìnnìún ni?"

Ghazi káwọ́ lérí. "Kí la fẹ́ gbé síwájú Bàbá Sattam báyìí?"

Dahham jókòó ti eegun, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé Wadha ti bọ́. Fóònù Ghazi dún. Ó jáde síta, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì padà wọlé.

"Bàbá Sattam ò wá mọ́," ni Ghazi wí, "ó ní òun lòun ń léwájú eré láti àárọ̀ kí táyà òun tó jò, òun náà lòun wá gbẹ̀yìn, torí òun ò lè dìde nídìí ìrẹsì oníyọ̀ rẹ kó o má baà kọ ọmọ òun sílẹ̀, àti pé kó o wá sílé lọ́la wá tọrọ rẹ̀ ná, kó o tó tún kọ̀ ọ́."