Ọwọ́ Tó Mọ́

Ní ọ́fíìsì onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan, obìnrin alágbàfọ̀ kan fi aṣọ ìnujú tó rẹ sínú bílíìsì nu àga, ó tún un nu, kó tó rọra fìdí lé etí rẹ̀. Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró tì í.

"Ta ló mọ ẹni tó jókòó síbí lánàá? Ẹ̀gbin!" Ó yínmú. "Dókítà, ọmọ yìí ti di ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá ní kó wá fọwọ́, á bú sẹ́kún. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́."

"Ọ̀rọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́ níbí, mà, kì í ṣe abẹ́rẹ́," ni onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá náà dáhùn. "Tí nǹkan kan bá ń da ọkàn èèyàn láàmú débi pé ilé rẹ̀ ò rójú mọ́, àsìkò tó láti wá bá wa nìyẹn."

"Ẹ ò rí i? Ilé mi ò rójú!"

Dókítà yíjú sí ọmọ náà. "Ọmọ mi, jẹ́ n rí ọwọ́ rẹ."

Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Awọ wọn ti bó, wọ́n pọ́n, wọ́n ń ṣomi.

Ìyá rẹ̀ fò dìde. "Yéè! Ìdọ̀tí ti jẹ ẹ́ lọ́wọ́! Gbé e wá kíá!" Ó ti na aṣọ bílíìsì náà sí i.

Ọmọ náà kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Dókítà dúró sáàárín wọn. "Ẹ jókòó, mà. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín, kí n rí ọwọ́ tiyín náà."

Alágbàfọ̀ náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.